Owó Ìwé Onígbọ̀wọ́

Ó tó gẹ́ẹ́! A ń gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ Yaba, Múṣin àti Sùúrùlérè ń ta ilẹ̀ baba wọn láti ra ìwé onígbọ̀wọ́ iṣẹ́ Ìlú Ọba lọ́wọ́ àwọn alágbàtà. Agbanisíṣẹ́ ni ń san owó ìwé náà. Láti 31 Oṣù Kejìlá 2024, òfin ibẹ̀ kò gbà á láyè láti gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Orúkọ gbogbo agbanisíṣẹ́ tí ó láṣẹ, àwọn ilé ìwòsàn ńlá NHS pẹ̀lú, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ti iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ńkọ́? Láti 22 Oṣù Keje 2025 ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹni tí ń bẹ ní òkè òkun. Kí wá ni alágbàtà ń tà? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi orúkọ wọ̀nyí han àwọn ọmọ yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wọn.