Títẹ iná mọ́tò kọ́ ló ń mú ọ̀nà Ìbàdàn yá

Ìṣirò eré mọ́tò kò le: ẹ mú bí ọ̀nà ṣe gùn tó, ẹ fi ìwọ̀n eré pín in, iye wákàtí tí ìrìn náà máa gbà ló jáde yẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi kún eré, iye kan náà ni àsìkò máa fi dín kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 127. Ẹ jẹ́ ká ṣírò 120 nínú rẹ̀, kó lè rọrùn. Ẹni tó ń rin kìlómítà 20 ní wákàtí kan máa lo wákàtí 6. Bó bá fi 20 kún un, ó di wákàtí 3, odindi wákàtí 3 ló jèrè. Ẹni tó ń sá 100, tó jẹ́ òdiwọ̀n tí òfin fún ọkọ̀ kéékèèké lójú márosẹ̀, máa lo ìṣẹ́jú 72. Bí òun náà bá fi 20 kún tirẹ̀, ó di ìṣẹ́jú 60: èrè ìṣẹ́jú 12 péré. Bó bá tún fi 20 lé e, tó di 140, èrè tuntun yẹn kò tó ìṣẹ́jú 9.

Ibi tí ọkọ̀ ti ń rá pálá gan-an ló ń jẹ àsìkò. Ká ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú kìlómítà 10 nínú ọ̀nà náà, tí ọkọ̀ ń fi wákàtí kan rìn ín. Awakọ̀ á ní torí ìyẹn gan-an lòun ṣe ń sáré, kóun lè rí àsìkò tó sọnù gbà padà. Kó tó lè dé láàárín ìṣẹ́jú 72 tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú 12 ló kù fún kìlómítà 110, ìyẹn 550 ní wákàtí kan. Eré bààlúù nìyẹn! Bó bá sá 140 dípò 100 ní gbogbo ibi tó là, ìṣẹ́jú 19 ló máa rí, àpapọ̀ ìrìn rẹ̀ kò sì ní tó 70 ní wákàtí kan, ohun yòówù kí míítà iwájú rẹ̀ máa sọ. Bí súnkẹrẹ náà bá là díẹ̀, tí ọkọ̀ ń rin 20 níbẹ̀ dípò 10, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni gbogbo èrò ọkọ̀ jèrè láìsí ẹni tó tẹná. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí Ààrẹ Buhari ṣí lóṣù Kẹfà ọdún 2021, jẹ́rìí sí i: wọ́n ṣe ojú irin náà fún eré 150, ṣùgbọ́n nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ ló fi ń rin kìlómítà 157. Bí a bá pín in, 63 ni.

Òótọ́ ni pé ìṣẹ́jú 19 kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ fún dírẹ́bà tó ń ka iye ìgbà tó lọ tó bọ̀ lójúmọ́. Owó tó ń san lé e ló yẹ ká wò. Ní 100, mọ́tò ń lọ tó mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 140, ó ń súnmọ́ 39. Bó bá rí tírélà tó dúró gbagidi níwájú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì, mítà 39 ti lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ tí bíréèkì nílò láti fi dá ọkọ̀ náà dúró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti 100, torí bí eré bá fi ìdajì dín díẹ̀ lé sí i, agbára tó wà lára ọkọ̀ ń di ìlọ́po méjì. Ìṣẹ́jú 19 yẹn, ẹni tó bá fi ogún ìṣẹ́jú ṣáájú kúrò nílé ti ní in lọ́wọ́.