Posada: Orin Ẹnu Ọ̀nà ní Àkókò Kérésìmesì ní Mẹ́síkò

Ní Mẹ́síkò, ọdún Kérésìmesì kì í dúró de ọjọ́ Kérésìmesì gan-an. Láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ni ẹbí àti aládùúgbò fi ń ṣe posada, ọ̀rọ̀ èdè Sípéènì tí ó túmọ̀ sí ilé èrò. Alẹ́ mẹ́sàn-án ni. Oṣù mẹ́sàn-án tí Màríà fi lóyún ni wọ́n sọ pé ó dúró fún.

Ìrìn àjò Jósẹ́fù àti Màríà tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò sùn ni wọ́n ń ṣe àfihàn rẹ̀. Àwọn ọmọdé a gbé ère àwọn méjèèjì síwájú, àwọn àgbà a tan àbẹ́là tẹ̀ lé wọn, wọn a sì dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé kan. Ibẹ̀ ni orin ti ń bẹ̀rẹ̀.

Orin yìí kì í ṣe irú èyí tí ẹnì kan ń lé tí àwọn yòókù ń gbè. Ìhà méjì ni akọrin pín sí, ti ìta àti ti inú ilé, ìlẹ̀kùn sì wà ní títì láàárín wọn. Jósẹ́fù a gba ẹnu àwọn ará ìta bẹ̀bẹ̀ pé aya òun kò lè rìn mọ́. Àwọn ará ilé a ní kí ó máa lọ, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ olè. Bí ó bá tún yọ àwọn lẹ́nu, àwọn yóò nà án. Ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni òun. Wọ́n ní oorun ni àwọn fẹ́ sùn. Ìgbà tí ó dárúkọ Màríà ni wọ́n tó dá a mọ̀, tí ìlẹ̀kùn ṣí, tí orin sì di ti ayọ̀. Ọmọ tí ó wà nínú ilé ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ lé ìyá rẹ̀ àgbà tí ó wà níta. Bí a bá yọ apá yìí kúrò, kí ni ó kù?

Ìlú Acolman, tí kò jìnnà sí Mexico City, ni wọ́n máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun àṣà náà. Ní 1587, àlùfáà Diego de Soria, ọmọ ẹgbẹ́ Augustine, gba àṣẹ lọ́wọ́ Póòpù Sixtus Karùn-ún láti máa ṣe Ẹbọ Mísà ní gbangba ṣáájú Kérésìmesì. Àkókò náà bọ́ sí ìgbà tí àwọn Aztec ń ṣe ọdún Huitzilopochtli, òrìṣà ogun wọn. Ó ṣòro láti pe èyí ní èèṣì. Nígbà tí ó yá, àṣà náà kúrò ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sí ilé.

Lẹ́yìn orin ni piñata, ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi bébà aláràbarà bò, tí wọ́n ṣe ìwo méje sí lára, tí wọ́n sì so rọ̀. Ìwo kọ̀ọ̀kan dúró fún ọ̀kan nínú ẹ̀ṣẹ̀ méje tí ó wúwo jù lọ. Ọmọ tí wọ́n di lójú ni yóò fi igi lù ú títí ẹ̀pà, ìrèké àti ọsàn yóò fi dà sílẹ̀. (Ọmọ tí ó bá ti rí ìrèké nílẹ̀ kì í sábà rántí ẹ̀ṣẹ̀.) Ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn, wọn a kọ orin ìrẹmọlẹ́kún fún ère Jésù kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sí ibùjẹ ẹran.

Lóde òní, àríyá ìparí ọdún ní ibi iṣẹ́ pàápàá ń jẹ́ posada, láìsí ère, láìsí orin. Ṣùgbọ́n ní ààlà Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà, àwọn kan ti dúró sí ìhà Tijuana rí, àwọn mìíràn sí ìhà San Diego, tí wọ́n sì kọ orin ẹnu ọ̀nà náà sí ara wọn láti inú ọgbà irin.