Ṣé ó yẹ kí wọ́n kọ IVF sínú ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ?

"Lọ́yà, ṣé wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ mi?"

Àǹtí kan tó ń ta aṣọ ọmọdé n'Ìyànà Ìpájà ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ọdún 11 ló fi wá ọmọ kí IVF tó bá a ṣe é. Ẹyin obìnrin mìíràn ni wọ́n lò. Òun, ọkọ ẹ̀ àti dókítà nìkan ló mọ̀. Ìyá ọkọ ò gbọ́ sí i.

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Òfin ọdún 1992 ní kí òbí forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ NPC láàárín ọjọ́ 60, lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí, ibi tí wọ́n bí i sí, orúkọ bàbá àti ìyá ló ń wà nínú ìwé náà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bí oyún ṣe dúró.

Amẹ́ríkà ń béèrè ní tiwọn. Àtúnṣe ọdún 2003 ló mú ìbéèrè nípa ìtọ́jú àìrọ́mọbí wọ fọ́ọ̀mù ìbí wọn, ní apá tí kì í hàn nínú ìwé tí òbí ń gbà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù Florida àti Massachusetts wé àkọsílẹ̀ àwọn ọsibítù IVF, kò tó ìdajì àwọn ọmọ IVF tí fọ́ọ̀mù sọ òótọ́ nípa wọn. Ọsibítù tó ṣe IVF lè yàtọ̀ sí èyí tó gbẹ̀bí; ìyá ọmọ náà sì lè panu mọ́.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ níbí, níbi tí wọ́n ti ń pe obìnrin ní àgàn lójú ayé? Irọ́ la máa kó jọ. Kí NPC má wulẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ yẹn rárá.

Àmọ́ ẹjọ́ ò tíì tán o. Láti 1989 ni wọ́n ti bí ọmọ IVF ní LUTH l'Ékòó. Ọmọ tí wọ́n fi ẹyin ẹlòmíì bí máa dàgbà. Dókítà máa bi í nípa àìsàn ìdílé. Ó lè pàdé ọmọ tí wọ́n jọ ti ara ẹnì kan náà wá, kí wọ́n máa fẹ́ra wọn láìmọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ HFEA ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ irú èyí. Ẹni tó bá fi ẹyin tàbí àtọ̀ tọrẹ láti April 2005, ọmọ lè mọ orúkọ ẹ̀ tó bá pé ọdún 18. Irú ìwé tó yẹ kí òfin wa fi dandan lé nìyẹn.

Mo sọ fún àǹtí náà pé ìwé ẹ̀rí ìbí ò ní tú àṣírí wọn. Ṣùgbọ́n irọ́ tó lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ẹnu wọn ni kí ọmọ náà ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.