Ṣé O Mọ̀? Ohun Tó Ń Gbé Lára Bẹ́ẹ̀dì Aláìsàn

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó kúrò nídìí ọjà ní Apọ́ngbọ̀n, tó lọ kí aláìsàn ní Jẹ́nẹ́rà Màrínà, ilé ìwòsàn tó ti wà láti 1893, kì í dá wọlé? Owó tó kà, fóònù tó tẹ̀, irin dáńfó tó dì mú, gbogbo wọn ti fi bakitéríà sí i lọ́wọ́. Lára ẹni tó le koko, wọn kì í sábà ṣe nǹkan kan. Ti yàrá ICU, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù, yàtọ̀, níbikíbi láyé. Rọ́bà ẹ̀rọ ìmí wà lọ́nà ọ̀fun aláìsàn, abẹ́rẹ́ wà nínú iṣan rẹ̀, rọ́bà ìtọ̀ wà nísàlẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn ara ló ṣí sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé bakitéríà kan tó ń jẹ́ Acinetobacter baumannii lè wà láàyè lórí irin bẹ́ẹ̀dì gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn fún oṣù? Aláìsàn ti lọ sílé, wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣì wà níbẹ̀. Ní 2017, àjọ WHO fi irú rẹ̀ tí oògùn carbapenem kò ràn mọ́ sí ìpele tó léwu jù lọ nínú ìwé tí wọ́n to irú àwọn bakitéríà bẹ́ẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2024, kò kúrò níbẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù: ibi tí nọ́ọ̀sì ti ń fọwọ́ gan-an lè jẹ́ ilé bakitéríà. Irú kan tó ń jẹ́ Pseudomonas máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ihò tí omi ń gbà lọ, bí omi bá sì ta pàrà, ó bá a jáde.

 

Ọwọ́ dókítà pàápàá lè gbé ikú kiri. Ní Vienna, ní oṣù kẹrin 1847, nínú 100 ìyá tó wá bímọ ní wọ́ọ̀dù àwọn dókítà, bíi 18 ló kú. Dókítà Ignaz Semmelweis ní kí àwọn dókítà náà máa fi omi kílórínì fọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ kan òkú. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, àwọn tó ń kú nínú 100 kò pé 3 mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ọtí 70% ń pa bakitéríà ju ọtí tí kò lómi rárá lọ? Omi inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó ráyè wọ inú wọn. Ṣùgbọ́n Clostridioides difficile, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ní èèpo líle tí ọtí kò ràn. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ló ń gbá a lọ: ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60, títí dé ẹ̀yìn ọwọ́ àti àárín ìka, fún dókítà àti fún ẹni tó wá kí aláìsàn.