Bí a ṣe ń tún fèrèsé tí ó bàjẹ́ ṣe

Fèrèsé ni ojú ilé. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ní àárọ̀. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé ní ọ̀sán. Bí èéfín bá kún inú ilé, ibẹ̀ ni ó ń gbà jáde.

Iṣẹ́ fèrèsé kò tán síbẹ̀. Bí òjò bá ń bọ̀, a ó tì í kí omi má baà wọlé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó tì í kí olè má baà wọlé. Bí ó bá ní àwọ̀n, ẹ̀fọn kò ní rí àyè wọlé. Fèrèsé tí ó dára ń jẹ́ kí ohun tí a fẹ́ wọlé, ó sì ń dá ohun tí a kò fẹ́ dúró síta.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé: "Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́." Fèrèsé tí ó bàjẹ́ dà bí ògiri tí ó lanu. Òjò, olè àti ẹ̀fọn yóò gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ní ìlú Kétu ṣe àpẹẹrẹ. Ilé náà ní yàrá mẹ́ta. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé kan. Àwọ̀n fèrèsé kìíní ti ya. Ìlẹ̀kùn fèrèsé kejì ti wọ́ sílẹ̀. Dígí fèrèsé kẹta ti fọ́. Kí ni àwọn ará ilé yóò ṣe?

Àwọn ẹ̀yà ara fèrèsé

Kí a tó tún nǹkan ṣe, ó yẹ kí a mọ orúkọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀.

Igi mẹ́rin ni a kàn pọ̀ sínú ihò ògiri. Ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, méjì sì dúró ní ẹ̀gbẹ́. Férémù ni a ń pè é. Pákó tí a ń ṣí tí a sì ń tì ni ìlẹ̀kùn fèrèsé. Irin méjì ni ó so ìlẹ̀kùn náà mọ́ férémù: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àgbékọ́ ni orúkọ irin yìí. Òun ni ó ń jẹ́ kí ìlẹ̀kùn lè ṣí kí ó sì padà. Ìkọ́ kékeré kan sì wà tí a fi ń ti ìlẹ̀kùn náà láti inú.

Fèrèsé kì í rí bákan náà ní gbogbo ilé. Ní Àjàṣẹ́, tí a tún ń pè ní Porto-Novo, àwọn ilé àtijọ́ kan wà tí àwọn Àgùdà kọ́. Àwọn Àgùdà ni àwọn ènìyàn tí ó ti Brazil padà wá sí ilẹ̀ wa láàárín ọdún 1800 sí 1900. Fèrèsé ilé wọn ga, ó sì ní ìlẹ̀kùn igi méjì. Lára àwọn ìlẹ̀kùn kan, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a tò léra, a sì fi àyè díẹ̀ sí àárín wọn. Bí a tilẹ̀ ti ìlẹ̀kùn náà, afẹ́fẹ́ ṣì ń wọlé. Èyí tí a tọ́jú lára àwọn ilé náà ṣì dúró títí di òní. Èyí tí a kò tọ́jú, òjò àti ikán ti bà á jẹ́.

Fèrèsé kìíní: àwọ̀n tí ó ya

Ihò tí ó wà lára àwọ̀n náà kò ju orí ìka lọ. Ẹnì kan lè sọ pé, "Ihò kékeré ni, kò ṣe nǹkan." Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kéré ju ihò náà lọ.

Ẹ̀fọn tí ó ń gbé ibà kiri máa ń jẹ ènìyàn ní alẹ́, nígbà tí a bá ń sùn. Abo ẹ̀fọn ni ó ń jẹni. Akọ kì í jẹni. Ibà lè pa ènìyàn. Ó burú jù fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 àti fún àwọn aboyún. Nítorí náà, ihò kékeré lára àwọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn. A ó wá abẹ́rẹ́, òwú tí ó lágbára, àti ègé àwọ̀n kan.

1. A ó gé ègé àwọ̀n náà kí ó tóbi ju ihò lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí ó fi ìbú ìka 2 ju ihò náà lọ.

2. A ó gbé ègé náà bo ihò náà.

3. A ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an yí ká. Ojú rírán náà gbọ́dọ̀ súnmọ́ ara wọn.

4. A ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ yí ká. Bí àyè bá ṣì wà níbì kan, a ó tún ibẹ̀ rán.

Bí àwọ̀n bá ya púpọ̀, rírán kò ní tó. A ó pààrọ̀ rẹ̀. Àgbàlagbà yóò yọ àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ àwọ̀n mọ́ férémù. Yóò na àwọ̀n tuntun dáadáa. Yóò dá àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà padà, yóò sì fi ìṣó kékeré kàn wọ́n. Bí a kò bá na àwọ̀n náà dáadáa, afẹ́fẹ́ yóò máa fì í síwá sẹ́yìn, yóò sì tètè ya.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí o: bí fèrèsé tilẹ̀ ní àwọ̀n, ẹ má ṣe yé sùn sábẹ́ àwọ̀n ibùsùn. Ẹ̀fọn lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Fèrèsé kejì: ìlẹ̀kùn tí ó wọ́ sílẹ̀

Ìlẹ̀kùn fèrèsé kejì kò padé mọ́. Apá kan rẹ̀ ti wọ́ sílẹ̀, ó sì ń ha férémù nísàlẹ̀. Kí ni ó fà á?

Ẹ jẹ́ kí a wo àgbékọ́ tí ó wà lókè. Àwọn ìṣó tí a yí wọ inú igi ti ń yọ jáde. Ojoojúmọ́ ni a ń ṣí fèrèsé tí a sì ń tì í. Díẹ̀díẹ̀, ihò ìṣó ń fẹ̀ sí i. Bí ihò bá ti fẹ̀, ìṣó kò ní lè di igi mú mọ́.

Àwọn kan á kàn gbá ìṣó náà padà sínú ihò kan náà. Kò ní pẹ́ tí yóò tún fi yọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà mọ ọ̀nà tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò gbé ìlẹ̀kùn náà sọ̀ kalẹ̀. Yóò gbẹ́ igi kékeré kan tí ó le kí ó bá ihò náà mu. Yóò fi àtè tí a fi ń lẹ igi pa á lára, yóò sì gbá a wọ inú ihò náà. Bí ó bá ti gbẹ, yóò gé èyí tí ó yọ síta kúrò. Nígbà náà ni yóò yí ìṣó tuntun wọ inú rẹ̀. Ihò ti di, ìṣó sì rí igi tí yóò dì mú.

Nígbà mìíràn, àgbékọ́ kò ní ẹ̀bi. Igi ni ó wú. Ní Kétu àti ní Àjàṣẹ́, òjò ńlá máa ń rọ̀ láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje. Igi tí a kò kùn ní ọ̀dà yóò mu omi, yóò sì wú. Ìlẹ̀kùn fèrèsé yóò wá há. Bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù kejìlá, igi kan náà yóò gbẹ, yóò sì súnkì. Ìlẹ̀kùn yóò ṣí wọ́rọ́wọ́ padà. Nítorí náà, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó gbọ́n kì í fi ìfági fá igi púpọ̀ nígbà òjò. Bí ó bá fá a jù, àyè ńlá yóò wà níbẹ̀ nígbà ọyẹ́, eruku yóò sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Díẹ̀ ni yóò fá. Lẹ́yìn náà, bí igi bá ti gbẹ, yóò kùn ún ní ọ̀dà. Kò ní gbàgbé etí ìlẹ̀kùn nísàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni omi máa ń dúró sí.

Ọ̀tá mìíràn tún wà: ikán. Ikán máa ń jẹ inú igi, kí ó sì fi ara igi sílẹ̀. Bí a bá wò ó lókèèrè, a ó rò pé igi náà dára. Báwo ni a ṣe lè mọ̀? Ẹ wo ara ògiri. Bí ẹ bá rí ilà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń gòkè lọ sí fèrèsé, ọ̀nà ikán nìyẹn. Ẹ fi ìka kan igi náà kó, kó, kó. Bí ó bá ń dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo, ẹ sọ fún bàbá tàbí ìyá. Igi tí ikán ti jẹ kì í ṣeé tún ṣe. A ó gé e kúrò, a ó sì fi igi tí ó le rọ́pò rẹ̀. Inú igi ìrókò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí ikán kì í fẹ́ jẹ ẹ́.

Fèrèsé kẹta: dígí tí ó fọ́

Fèrèsé kẹta ní àwọn dígí pẹlẹbẹ tí a tò léra. A lè yí wọn kí afẹ́fẹ́ wọlé, a sì lè yí wọn kí wọ́n padé. Bọ́ọ̀lù bá ọ̀kan, ó sì fọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, dígí tí ó fọ́ mú ju ọ̀bẹ lọ. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ dúró níbi tí ẹ wà, kí ẹ sì pe àgbàlagbà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àbúrò yín tí ó ń rá wọ ibẹ̀.

Àgbàlagbà yóò wọ bàtà. Yóò fi aṣọ tí ó nípọn wé ọwọ́ rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ ṣa àwọn ègé ńlá. Yóò fi ìgbálẹ̀ gbá àwọn ègé kéékèèké. Lẹ́yìn náà, yóò fi bébà tútù nu ilẹ̀, nítorí àwọn ègé kan wà tí ojú kò lè rí. Yóò di gbogbo rẹ̀ sínú páálí tí ó nípọn tàbí agolo. A kì í da dígí sí orí ààtàn lásán. Ọmọ tí kò wọ bàtà lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Kí a tó ra dígí mìíràn, a lè fi pákó tàbí páálí dí àyè náà. Bí a bá fẹ́ ra dígí, ohun mẹ́ta ni a ó wọ̀n: gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀, àti bí ó ṣe nípọn tó. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí a yọ ọ̀kan tí kò fọ́, kí a sì mú un lọ bá ẹni tí ń ta dígí, kí ó gé èyí tí ó bá a mu.

Irin kékeré kan ni ó di dígí mú ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà yóò rọra ṣí etí irin náà. Yóò ti dígí tuntun wọ inú rẹ̀. Yóò sì rọra tẹ etí irin náà padà. Kò gbọdọ̀ fi agbára ṣe é, nítorí irin náà lè dá.

Iṣẹ́ àwọn ọmọ nínú ilé

Ọmọdé kò gbọdọ̀ gun àkàbà, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan dígí tí ó fọ́. Ṣùgbọ́n ọmọdé ní ojú tí ó ríran dáadáa. Ní oṣù kẹta, kí òjò ńlá tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lè bá àwọn òbí yín yẹ gbogbo fèrèsé wò. Ǹjẹ́ àwọ̀n ya? Ǹjẹ́ ìlẹ̀kùn ń padé? Ǹjẹ́ ìṣó ń yọ? Ǹjẹ́ ọ̀nà ikán wà lára ògiri? Ẹ lè mú abẹ́rẹ́ àti òwú wá. Ẹ lè ka ìṣó fún gbẹ́nàgbẹ́nà. Bí ẹ bá rí ohun tí ó bàjẹ́, ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé rí. Lónìí, abẹ́rẹ́ àti òwú tó láti dí ihò àwọ̀n. Bí a bá fi í sílẹ̀ títí òjò yóò fi dé, ẹ̀fọn yóò wọlé, ibà yóò sì tẹ̀ lé e. Owó oògùn sì pọ̀ ju owó òwú lọ.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ni iṣẹ́ àgbékọ́ lára fèrèsé?

2. Kí ló dé tí ihò kékeré lára àwọ̀n kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré?

3. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí igi nígbà òjò? Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí i nígbà ọyẹ́?

4. Bí dígí bá fọ́ nílé yín, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe?

5. Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ ka iye fèrèsé tí ó wà nínú ilé yín. Mélòó ni ó ń fẹ́ àtúnṣe?