Ògiri 1870: wíwá baba ńlá ẹni nínú ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà

Àwọn ọmọ wa tó fẹ́ ọkọ tàbí aya láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà sábà máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Bàbá, báwo la ṣe lè rí ìran àwọn àna wa?" Wọ́n á ní àwọn ti wá orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó gbé wọn dé ọdún 1870, ló bá dákẹ́ lójijì. Ìwé kọ́ ló sọnù o. Wọn ò kọ orúkọ náà sílẹ̀ rárá ni.

Láti ọdún 1790 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ka ènìyàn ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Kò dà bíi tiwa ní Nàìjíríà. Ìkànìyàn 1963, 1991 àti 2006, iye ènìyàn là ń bá ara wa jà lé lórí. Kò sẹ́ni tó ń lọ wá orúkọ bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Ní tiwọn, tí ọdún 72 bá ti kọjá, wọ́n á ṣí ìwé náà fún gbogbo ayé, tòun ti orúkọ àwọn ará ilé. Ti 1950 ni wọ́n ṣí kẹ́yìn, ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Ọ̀fẹ́ lẹ lè wá orúkọ lórí FamilySearch, nítorí náà ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó wà láàyè lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ìyá àgbà léèrè orúkọ bàbá wọn, àti ibi tí wọ́n ń gbé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ẹ mú orúkọ yẹn wọ ìwé 1950, kí ẹ wá máa fà á padà: 1940, 1930, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fo ìkankan àfi 1890, tí iná bà jẹ́ ní Washington ní 1921, tí ìjọba fúnra rẹ̀ sì wá kó ìyókù dànù lẹ́yìn náà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti 1900. Ó béèrè oṣù àti ọdún tí wọ́n bí ènìyàn, ó sì bi ìyá kọ̀ọ̀kan léèrè iye ọmọ tó bí àti iye tó kù láyé. Obìnrin kan lè ní mẹ́wàá lòun bí, mẹ́rin ló kù. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má rí orúkọ àwọn mẹ́fà yẹn níbòmíràn láéláé, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ pé wọ́n wá sáyé. Ìwé 1880 ló kọ́kọ́ sọ bí ará ilé kọ̀ọ̀kan ṣe bá olórí ilé tan, ó sì sọ ibi tí wọ́n ti bí bàbá àti ìyá rẹ̀. Kò sí èyí nínú ti 1870. Bẹ́ ẹ bá rí ọkùnrin kan, obìnrin kan àti ọmọ mẹ́ta nínú ilé kan ní 1870, kò sẹ́ni tó sọ pé àwọn ló bí wọn. Ẹ má fi ìrònú yín bímọ fún wọn.

Bí akọ̀wé bá sì ṣe gbọ́ orúkọ ló ṣe ń kọ ọ́. Àwa tí orúkọ wa ti di nǹkan mìíràn nínú ìwé ìrìnnà, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu.

Ó dáa, ó ku ògiri. Ní 1850 àti 1860, ìwé méjì ni wọ́n kọ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹrú wà. Ọ̀kan ní orúkọ gbogbo ẹni tó lómìnira. Èkejì jẹ́ ti ẹrú: orúkọ olówó wọn ló wà lókè, lábẹ́ rẹ̀ ni ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ara. Obìnrin, 30, dúdú. Ọkùnrin, 8, dúdú. Bí ẹni ń ka àgùntàn. Ogun parí ní 1865, òmìnira dé, ìkànìyàn 1870 ló sì wá kọ orúkọ gbogbo wọn fún ìgbà àkọ́kọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kéèyàn rò pé orúkọ olówó ìkẹyìn ni ẹrú gbà ṣe orúkọ ìdílé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn mú orúkọ olówó àtijọ́, tàbí ti olówó bàbá wọn, tàbí orúkọ tó kàn wù wọ́n. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n ka ojú ìwé tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé ti ìdílé náà ní 1870. Ọ̀pọ̀ ò tíì rìn jìnnà sí oko tí wọ́n ti ṣẹrú. Ìwé náà sọ iye tí ilẹ̀ àti dúkìá kálukú tó, ẹ ó sì rí àwọn òyìnbó olówó tó wà nítòsí. Ẹ wá orúkọ wọn nínú ìwé ẹrú 1860, kí ẹ wò ó bóyá ọjọ́ orí tó fi ọdún mẹ́wàá dín sí ti àwọn ènìyàn yín wà níbẹ̀. Tó bá bára mu, ìfura lẹ ní yẹn o, kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀rí wà níta ìwé ìkànìyàn. Nígbà tí olówó ẹrú bá kú, ilé-ẹjọ́ àdúgbò á ṣe àkọsílẹ̀ ogún rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń kọ orúkọ ẹrú kọ̀ọ̀kan àti iye owó rẹ̀ síbẹ̀. Ó dunni, àmọ́ nítorí pé dúkìá ni wọ́n kà wọ́n sí lorúkọ wọn ṣe wà lákọsílẹ̀. Báǹkì kan tún wà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tó gbòmìnira, Freedman's Bank, láti 1865 sí 1874. Ẹni tó bá fẹ́ fowó pamọ́ síbẹ̀, wọ́n á bi í léèrè àwọn òbí àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, nígbà mìíràn olówó rẹ̀ àtijọ́ pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló bá wọn ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ wò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí wá kan ilé wa gan-an. Ní oṣù keje ọdún 1860, ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah dé Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ti ka òwò yẹn léèwọ̀ láti 1808. Àwọn tó ń sọ Yorùbá wà nínú wọn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ọjọ́ tí wọ́n fi ìkànìyàn 1860 lé. Ọkọ̀ náà ò tíì gúnlẹ̀. Ìgbà tó sì gúnlẹ̀, ńṣe ni wọ́n fi àwọn ènìyàn náà pamọ́. Kò sídìí láti wá wọn nínú ìwé 1860. Ìwé 1870 lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ní ibi ìbí: "Africa". Kò sí ìlú, kò sí agbo ilé.

Matilda McCrear wà lára wọn. Ọmọ nǹkan bí ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀. Creagh lorúkọ olówó wọn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ di McCrear. Ẹni tó bá ń wá Creagh nìkan, ó ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hannah Durkin, ló tọpa rẹ̀. Ìwé ìkànìyàn ò tó fún un. Ìwé ìròyìn ìlú Selma ló ràn án lọ́wọ́, nítorí Matilda ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tó lọ sí ilé-ẹjọ́ ní 1931 láti béèrè owó ìtanràn fún ohun tí wọ́n ṣe sí i. Wọn ò fún un ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n oníròyìn kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ilà ojú rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n fura pé Yorùbá ni. Ó kú ní 1940.

Mo sọ èyí nítorí àwọn kan nílé tó ń ta ìlú fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Wọ́n á rí "Africa" nínú ìwé, wọ́n á ní Ẹ̀gbá ni ẹ, ọmọ ọba ni ẹ, mú owó oyè wá. Ìwé yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ máa rí ní 1870 gan-an, Virginia tàbí Carolina ni wọ́n máa kọ sí ibi ìbí wọn, nítorí ìran kejì tàbí ìkẹta ni wọ́n lọ́hùn-ún. Ẹ sọ ohun tí ìwé sọ fún àwọn àna yín, kẹ́ ẹ sì fi àyè ìyókù sílẹ̀ lófìfo. Bí ìyá àgbà bá ní fọ́tò àtijọ́ tí ilà wà lójú ẹni tó wà nínú rẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ kan tí ìyá wọn máa ń sọ tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ẹ tètè kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é, kẹ́ ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà.