Ṣé O Mọ̀? Ibi Tí Ìròyìn Kọ̀ǹpútà Ń Gúnlẹ̀ Sí

Ṣé o mọ̀ pé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft ṣíwọ́ lórí Windows 10, tí àìmọye kọ̀ǹpútà tí nǹkan kan kò ṣe sì di arúgbó lọ́sàn-án kan òru kan? Wọn ò kú o. Wọ́n ń tàn, wọ́n ń ṣiṣẹ́, fíìmù ń lọ lórí wọn. Ohun tó tán ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Windows 11 tó gbapò rẹ̀ kì í sì í gba gbogbo ẹ̀rọ. Ó ń béèrè ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, bó bá sì jẹ́ Intel ni, ìran kẹjọ sókè ló fẹ́. Láàpútọ́ọ̀pù ọdún 2015 tó lágbára ju òmíì tí wọ́n ṣe lánàá lọ, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti lé e padà.

Níbo wá ni àwọn ilé-iṣẹ́ Jámánì àti ti Gẹ̀ẹ́sì tó ń pààrọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ kó o lọ? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó wọ mọ́tò tó ń lọ sí Ìyànà Ìbà, kó sọ̀ ní Volks, kó wọnú ọjà Àlàbá International ní Ọ̀jọ́, ọjà tó ti wà níbẹ̀ láti 1978. Ohun tó jẹ́ ìròyìn lọ́hùn-ún, ẹrù ló máa ń jẹ́ kó tó dọ́dọ̀ wa. Ní tèmi, n kò rí ohun tó burú nínú kéèyàn ra irú láàpútọ́ọ̀pù yìí, bí owó rẹ̀ bá ti wálẹ̀ dáadáa, tí o sì ṣe tán láti fi Linux sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún ọ pé, "Bọ̀ọ̀dá, Windows 11 ti wà lórí ẹ̀ ńbẹ̀ un," bi í bóyá Microsoft gbọ́ sí i.

Ṣé o mọ̀ pé tẹlifíṣàn kan ti rin ìrìn àjò láti Basingstoke ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Àlàbá, tí àwọn kan sì ń ṣọ́ ọ ní gbogbo ọ̀nà? Ẹgbẹ́ Greenpeace ló dán an wò pẹ̀lú Sky News àti ìwé ìròyìn The Independent. Wọ́n mú tẹlifíṣàn tó ti bàjẹ́, wọ́n bà á jẹ́ sí i kí ẹnjiníà kankan má lè rí i tún ṣe, wọ́n tọ́jú ẹ̀rọ atọpinpin sínú ikùn rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ síbi tí ìjọba Hampshire ti ń gba irú pàǹtírí bẹ́ẹ̀. Òfin Yúróòpù ti là á sílẹ̀ pé irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde lọ sí orílẹ̀-èdè bíi tiwa; ilé ni kí wọ́n ti tú u palẹ̀. Tẹlifíṣàn ò gbọ́ òfin. Ó kúrò lọ́wọ́ oníṣòwò kan bọ́ sọ́wọ́ òmíì, ó wọ kọ̀ǹtínà, ó la òkun kọjá. Nígbà tí ìròyìn náà fi máa jáde ní oṣù kejì ọdún 2009, Greenpeace ti bá a ní Àlàbá, wọ́n sì ti san owó kí wọ́n tó rí i gbé. Ohun tí wọ́n lọ jù nù lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi owó rà padà! Ó ṣeé ṣe kí ọlọ́jà tiẹ̀ ti búra fún wọn pé wáyà lásán ló ń dà á láàmú.

Bí wọ́n ṣe ń kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọlé tún ya èèyàn lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe pẹ̀lú ibùdó Àdéhùn Basel (àdéhùn àgbáyé lórí pàǹtírí) tó wà ní Ìbàdàn, tó jáde ní 2018, rí i pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ èbúté Èkó lọ́dún, ní 2015 àti 2016. Nínú gbogbo rẹ̀, nǹkan bí 70 nínú 100 ló jẹ́ pé inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n há wọn mọ́. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ sórí ìwé ẹrù. Fíríìjì, tẹlifíṣàn àti kọ̀ǹpútà ló wà níbi tó yẹ kí èrò jókòó. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, ó kéré tán 19 nínú 100 ni kò ṣiṣẹ́ rárá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, Àdéhùn Basel ti sọ pé pàǹtírí ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè láìjẹ́ pé orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń kó o lọ ti gbà á. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé ta ni yóò wà ní èbúté, tí yóò máa ki wáyà bọ iná láti mọ èyí tó jẹ́ àlòkù yàtọ̀ sí pàǹtírí?

Ṣé o mọ̀ pé "delete" kì í pa nǹkan rẹ́? Lórí háàdì dísíìkì, àdírẹ́sì ohun tí o pa rẹ́ ni kọ̀ǹpútà máa ń yọ kúrò. Ohun náà fúnra rẹ̀ wà níbi tó wà títí nǹkan mìíràn yóò fi gorí rẹ̀. Ní 2005, àjọ Basel Action Network ra háàdì dísíìkì àlòkù ní Èkó, wọ́n gbé wọn fún àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ lókè òkun sì ń tú jáde. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ ta láàpútọ́ọ̀pù rẹ, má fọkàn tán format kíákíá. Lo irú èyí tó ń kọ nǹkan mìíràn lé gbogbo dísíìkì lórí, bó tilẹ̀ gba wákàtí. Ti fóònù tuntun sàn díẹ̀: kọ́kọ́rọ́ ti tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun inú rẹ̀, bí o bá sì ti ṣe reset, kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ń sọnù.

Dúró ti ẹnjiníà kan ní Àlàbá wò. Panel fóònù wà níwájú rẹ̀, iná ń pàdé níbi tí kò yẹ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ndẹ́ńsà tó wà níbẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn. Ó da spirit díẹ̀ sí i, ó fún un ní iná wẹ́rẹ́, ó sì ń wò ó láìṣẹ́jú. Ibi tó bá kọ́kọ́ gbẹ ni àrùn wà, nítorí ibẹ̀ ló ń gbóná. Ó gbé blower, ó hú ègé náà kúrò, ó wá irú rẹ̀ jáde lára panel tó ti di ìdọ̀tí, ó fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà kò kọ́ ọ, kò sì fún un ní ìwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ àtúnṣe ní Brussels; wọ́n ti ń ṣe é ní Ọ̀jọ́ tipẹ́.

Panel tí kò ṣeé tún ṣe mọ́ náà kì í ṣe ohun àdànù. Wúrà wà lára rẹ̀. Gbogbo mẹ́dààlì ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo, nǹkan bí 5,000, inú ẹ̀rọ àlòkù ni àwọn ará Japan ti yọ àwọn irin rẹ̀, wúrà ibẹ̀ sì tó kílò 32. Èyí tí a ń rí lọ́dọ̀ wa ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó wáyà kí wọ́n lè rí kọ́pà inú rẹ̀, èéfín dúdú yẹn sì ń pani lára. Gíláàsì tẹlifíṣàn oníkùn àtijọ́ náà ní òjé nínú. Má fọ́ ọ nínú ilé.

Ṣé o mọ̀ pé òfin tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù ló ń sọ ṣájà iPhone àtijọ́ di ẹrù tí kò tà? Láti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 2024 ni gbogbo fóònù tuntun níbẹ̀ ti gbọdọ̀ máa lo USB-C, Apple sì ti yí padà láti 2023.

Káàdì Cowry tí wọ́n fi ń wọ reluwé Blue Line ní Èkó kò ní bátìrì. Reluwé yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Mile 2 àti Marina ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023; ìpele kejì ni yóò dé Òkòkòmáìkò. Bí o bá gbé káàdì súnmọ́ ẹ̀rọ, ìgbì rédíò tó ń ti ara ẹ̀rọ náà jáde ló ń di iná nínú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí inú káàdì po, káàdì á jí, á dáhùn, á sì padà sùn. Owó ẹyọ tí wọ́n sọ káàdì yìí ní orúkọ rẹ̀ náà ti òkèèrè wá. Erékùṣù Maldives ni wọ́n ti ń kó o, ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó sì ń kó o dé etíkun wa. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ gba ojú omi wá.

Ṣé o mọ̀ pé àtẹ̀jíṣẹ́ tó gba lẹ́tà 160, bí o bá ti fi ẹyọ ọ kan ṣoṣo sí i, 70 ló kù tó lè gbà? Tábìlì lẹ́tà tí wọ́n tò fún fóònù kò ro tiwa mọ́ ọn. Ó ní à, è, é, ì, ò àti ù. Kò ní á, kò ní ẹ, kò ní ṣ. Nínú Unicode tí kọ̀ǹpútà ń lò báyìí, àárín àwọn lẹ́tà tí wọ́n tò nítorí èdè Vietnam ni ẹ àti ọ wà, a sì ń bá wọn lò ó. Ẹ́ olóhùn òkè kò ní àyè tirẹ̀ rárá. Ẹ kan àti àmì kan ni kọ̀ǹpútà ń lẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ àṣekágbá tó dúró dáadáa nílé fi ń tú ká ní business centre iwájú yunifásítì LASU: fọ́ńtì ibẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Sọ ọ́ di PDF kí o tó gbé flash rẹ lọ. PDF máa ń gbé fọ́ńtì tirẹ̀ dání.